Ìbẹ̀wò Kẹta

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bo Araromi-Obu débi pé àwọn igi kòkó dà bí ènìyàn tó dúró sínú omi. Olúrótìmí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń ṣa kòkó tó bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára, nígbà tí Àzíìz ọlọ́kadà yọ jáde láti inú kùrukùru náà. Àzíìz ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ìyá Lọ́pẹ́ láti Omifunfun dé gáréèjì Ore ni. Àpò mẹ́ta ni obìnrin náà dì. Èkó ló ń lọ, lọ́dọ̀ Lọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sì dájú pé yóò padà, nítorí pé ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún ayálégbé.

Olúrótìmí ṣa èyí tó kù nínú àtẹ tán kó tó sọ̀rọ̀. Kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àbọ̀. Ó bèèrè bóyá ọkọ̀ ti kún. Àzíìz ní ó ku èrò mẹ́fà nígbà tí òun kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ìyàwó rẹ̀ kú, Joshua, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ń gbé ní Àkúrẹ́. Níbi ìsìn ìkórè ní ilé àdúrà kan ní Omifunfun ló ti kọ́kọ́ rí Lydia, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Lọ́pẹ́, tí ọkọ tirẹ̀ náà ti kú. Obìnrin náà ń gbé omi fún àwọn àgbà, ó ń kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kò sí ibòmíràn tó tún yẹ kó lọ láyé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Olúrótìmí ti ń lọ sí Omifunfun ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ fi hàn án ló ń tọ̀. Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, ìkíni nìkan. Ìbẹ̀wò kejì, a ó mú nǹkan lọ́wọ́, a ó tún kí i, a ó sì padà. Ìbẹ̀wò kẹta ni à ń sọ ohun tó gbé wa wá, ní ìjókòó, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ìdúró, ìdúró náà la ó ti gbàgbé rẹ̀. Ó ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó mú odindi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan dání, ó jókòó, ó bèèrè àlàáfíà ewúrẹ́ pàápàá, ó sì dìde. Ìyá Lọ́pẹ́ sìn ín dé ojú ọ̀nà. Òun náà kò bèèrè ohun tó bá wá, nítorí pé a kì í bi àlejò bẹ́ẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì fi ìwà ọmọlúàbí dé ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí ọkọ̀ Èkó fi dé.

Olúrótìmí fọ ọwọ́, ó dé fìlà, ó wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó kan jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ láti ara ìrókò tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Kì í jẹ́ kí igi ṣòfò. Ó jókòó sẹ́yìn Àzíìz, ó gbé e lé itan.

Àzíìz bi í pé kí ló fẹ́ fi àpótí ṣe ní gáréèjì.

"Orí kí ni yóò jókòó lé tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀?"

Kùrukùru gbà wọ́n sínú. Igi ọ̀pẹ ń yọ, ó ń pòórá. Àkùkọ ń kọ láti ibi tí wọn kò rí. Bí wọ́n bá ti kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, Olúrótìmí á fọwọ́ kan Àzíìz léjìká, ọ̀kadà á rọra, bàbá á ṣí fìlà, á ní ẹ kú iṣẹ́, á sì dúró gba èsì. Nígbà tó di ẹnì kẹrin, ara Àzíìz kò gbà á mọ́.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá kí gbogbo agbègbè Odigbo yìí tán, Ìyá Lọ́pẹ́ á ti máa wẹ ọmọ l'Ékòó."

Ẹnì karùn-ún jẹ́ obìnrin kan tó ń hú ẹ̀gẹ́. Ó dá wọn lóhùn pé ẹ kú ìrìn, ó ní kí wọ́n má gba ọ̀nà ńlá, ọkọ̀ agbégi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú dí i níwájú. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà tóóró kan tó gba inú oko kòkó kọjá. Ó ní ọlọ́kadà mẹ́ta ti kọjá láìwo ibi tí òun wà, òun sì fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n tún bá lọ́nà, Àzíìz ló kọ́kọ́ kí i.

Ní Ore, kùrukùru ti fẹ́lẹ́, síbẹ̀ gáréèjì ṣì dà bí ohun tí a ń rí lójú àlá. Fèrè ọkọ̀, èéfín, ohùn àwọn tó ń ta búrẹ́dì, gbogbo rẹ̀ ń léfòó. Bọ́ọ̀sì Èkó ti ń kùn, èrò kan péré ló kù. Ìyá Lọ́pẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí ọ̀kadà ń gbà wọlé.

Agbèrò kan rí àgbàlagbà tó gbé àpótí bọ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìjókòó wà nínú ọkọ̀ o. Àbí tiwa ò tẹ́ yín lọ́rùn?"

Olúrótìmí kí i. Ó kí awakọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pius, ó bèèrè bí ó ṣe jí, bí ilé ṣe wà. Ó kí àwọn èrò. Lẹ́yìn náà ló tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òun lè bá ẹnì kan nínú wọn sọ̀rọ̀. Pius wò ó. Láti òwúrọ̀, ariwo ni wọ́n ń pa lé e lórí. Kò sí ẹni tó tíì bèèrè bó ṣe jí. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí èrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ó ní ẹni tó bá ń kánjú lè bọ́ sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ìyá Lọ́pẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Olúrótìmí gbé àpótí sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ọwọ́ nù ún. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe. Agbèrò tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan da kéréètì mínírà dojú bolẹ̀ fún bàbá, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ìyá Lọ́pẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá sílé yín."

"Mo rí yín, Bàbá Joshua. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo ń ka ọjọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi pé ẹ ń rìnrìn àjò."

"Ta ni kí n sọ fún? Ẹni tó jẹ́ pé ewúrẹ́ mi ló wá kí?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Olúrótìmí, ó dá a dúró. Ó ṣí fìlà.

"Èyí ni ìbẹ̀wò kẹta. Ilé mi ti dákẹ́ jù. Mo fẹ́ kí a jọ máa darúgbó níbẹ̀, tàbí nínú ilé tiyín, èyí tó bá wù yín. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ewé máńgòrò kan já, ó ń yí bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dà bíi pé gbogbo gáréèjì ń dúró kó balẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Ìyá Lọ́pẹ́ wí. "Mo dúpẹ́ pé ẹ fún mi níjókòó kí ẹ tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ irú èyí ká sì dáhùn lórí ìjókòó kan náà. Ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi ná. Ẹ bá mi gbé àpótí yìí padà."

Olúrótìmí ní ó dára. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó dúró títí ọkọ̀ fi wọ inú kùrukùru tó kù lójú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Àzíìz bèèrè bóyá Ìyá Lọ́pẹ́ gbà. Bàbá ní kò tíì dáhùn. Àzíìz ní a jẹ́ pé àwọn fi epo ṣòfò nìyẹn. Bàbá ń ṣí fìlà fún àwọn tó wà lóko.

Ó gbé àpótí náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, aládùúgbò kan wá, ó fẹ́ jókòó lé e.

"Ẹ má bínú," ni Olúrótìmí wí, "ẹnì kan wà níbẹ̀."

Aládùúgbò náà wo àpótí òfìfo yẹn, ó sì lọ jókòó sórí ẹní.

Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn ràn. Ó ń yí kòkó nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Lọ́pẹ́ ni. Ó bèèrè kòkó, ó bèèrè òjò, ó bèèrè Àzíìz. Olúrótìmí ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kán an lójú. Obìnrin náà ní ara ọmọ tuntun le, òun yóò dúró tì í títí yóò fi mọ ìjókòó. Ó ní òun ti ní kí Evelyn àbúrò òun gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ ayálégbé.

"Bàbá Joshua, àpótí mi ńkọ́?"

Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ti dé ibẹ̀.

"Ó wà," ni ó dáhùn. "Kò sẹ́ni tó jókòó lé e."