Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ríjísítà

Láti ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ṣe tíṣà, n kì í wo ríjísítà kí n tó pe orúkọ. Tí ọ̀sẹ̀ kìíní bá ti parí, mo ti mọ gbogbo wọn sórí. Màá kàn ṣí ìwé síwájú mi, màá máa pè, màá máa fi bírò sàmì lọ sísàlẹ̀. Àwọn tíṣà yòókù nílé ìwé wa ní Òkè-Ìlá sọ mí ní Ọ̀gá Àmọ̀sórí. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀kadà já obìnrin kan sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, ó wọ kíláàsì mi tààrà.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lọmọ mi fi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ káàárọ̀, màmá. Ọmọ yín wo?"

"Òkìkíọlá rèé. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a ti kó wá láti Ìgèdè. Lójoojúmọ́ lẹ ń pe gbogbo ọmọ, ẹ kì í pe tèmi. Wọ́n ti ń pè é ní iwin! Láti àná ló ti ní òun ò kúrò nínú ulé mọ́."

Dàmọ́lá, aláwàdà kíláàsì, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Háà, sà, iwin náà ní màmá!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. Mo mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mò ń kọ́, mo rò pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí mò ń pè.

"Màmá, kò sí Òkìkíọlá nínú ríjísítà mi." Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Oyèbámijí, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéníran. Èmi ni mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá."

Mo wo ìsàlẹ̀. Èèrà ni mo rí, wọ́n tò lọ. Mo na ìwé síwájú, èèrà náà ni. Mo nà án títí apá mi fi tán.

Ìyá ọmọ náà fi ìka sórí ibẹ̀. "Ẹ kà á fún mi."

N kò lè kà á. Bàbá mi fọ́jú kó tó kú. Ó ti kàn mí nìyẹn. Ta ni yóò gba afọ́jú ní tíṣà?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sáré lọ bá Fọláwùnmí, àbúrò ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ojú. Ó tan iná sí mi lójú, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Bùọ̀dá, ẹ ò fọ́jú. Iyán yín ló ti tutù."

"Iyán wo?"

"Lẹ́yìn ibi dúdú inú ojú, ohun kan wà tó mọ́ gaara, kò ju ẹ̀wà kan lọ. Lẹ́ńsì là ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ń wo ọ̀ọ́kán, á tẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń kàwé, á kúnra, á rí roboto. Rírọ̀ ló fi ń ṣe é, bí iyán gbígbóná. Ṣùgbọ́n ó ń bu awọ lé awọ bí àlùbọ́sà, ó sì ń le. Ní ọdún méjìdínláàádọ́ta yín yìí, iyán àná ni."

"Ṣebí wọ́n ní iyán ogún ọdún ṣì lè jóni lọ́wọ́?"

"Inú òwe nìyẹn. Ẹ gba awò ojú."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í le?"

"Láti kékeré. Ti ọmọ ọdún mẹ́wàá gan-an ti ń le."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Gbogbo kíláàsì mi nìyẹn!

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé awò sójú, mo sì ka ríjísítà, mo ń ka ohun tí mo rí gan-an. Èèrà ti di lẹ́tà. Mo dé ìsàlẹ̀.

"Òkìkíọlá Ajíbádé."

"Mo wà ńbí, sà."

Mo gbójú sókè, kùrukùru ni mo rí. Awò tó ń mú ìtòsí mọ́ kì í mú ọ̀ọ́kán mọ́. Mo fà á wá sí ṣóńṣó imú, mo wò gba orí rẹ̀ kọjá. Ọmọ náà ti dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un pè."

Mo tún un pè.