Ọ̀dàlẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ní Òtu ni Abíọ́nà ti da Samsudeen, gbogbo ayé ló sì rí i. Àwọn méjèèjì jọ wà lórí pèpéle onípátákó tí wọ́n ta okùn yí ká ní pápá ẹ̀yìn ọjà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na àwọn ọmọ Ìgbòho méjì nínú ìjàkadì ni, èrò ń hó, Samsudeen sì gbé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè kí wọ́n lè yẹ́ ẹ sí. Lẹ́yìn náà ó kọ ẹ̀yìn sí i láti kí àwọn tó wà lápá kejì. Bí ó ti kọ ẹ̀yìn sí i báyìí, Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àga onírin, ó sì là á mọ́ ọn lẹ́yìn.

Bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í fò wá sórí pèpéle.

Ohun tí èrò ò mọ̀ ni pé Samsudeen fúnra rẹ̀ ló yan àga náà. Nínú pálọ̀ Kàdírì ní Ìsẹ́yìn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó rò ó. Kàdírì ló ni ẹgbẹ́ oníjàkadì náà. Ó ti ja irú ìjà tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n yìí ní Èkó kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Nígbà tó padà wálé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn bí wọ́n ṣe ń ṣubú láì fara pa, àti bí wọ́n ṣe ń lu ènìyàn tí yóò dún tí kò ní dunni.

"Ìjà tí kò ní ìtàn, gídígbò ọmọdé ni," ni ó máa ń wí. "Èrò ò wá wo ẹni tó lágbára. Ọjọ́ tí ìyà máa jẹ ẹni tí wọ́n kórìíra ni wọ́n wá wò."

Òun ló ní kí ọ̀rẹ́ méjì di ọ̀tá fún odindi ọdún kan, kí wọ́n máa gbé ìjà náà láti ìlú dé ìlú títí di Iléyá, tí wọn yóò parí rẹ̀ ní Ṣakí. Ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àjọsọ ni. "Kódà, ìyá tó bí yín."

Abíọ́nà sọ fún ìyàwó rẹ̀, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, nítorí ọkùnrin tí kò bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ilé ò ní gbà á. Ṣùgbọ́n Samsudeen kọ̀, kò sọ fún ìyá rẹ̀.

"Ẹnu Màmá ò gba ọ̀rọ̀ dúró," ó ní. "Bí ó bá gbọ́ láàárọ̀, Ṣakí á ti gbọ́ kí oòrùn tó kanrí."

Èyí ló ni Abíọ́nà lára jù. Káfíńtà ni, Ìsẹ́yìn ló ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òrùlé máa ń gbé e lọ sí Ṣakí, ilé Samsudeen ló sì máa ń sùn. Ìyá Samsu, tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, ni yóò kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún un kí ó tó bu fún ọmọ tirẹ̀. "Ọmọ Ìsẹ́yìn" ni ó ń pè é. Láti ọjọ́ Òtu, kò lè yà síbẹ̀ mọ́.

Ìjà náà gbóná ju bí Kàdírì ti rò lọ. Ní Ìgànná, Abíọ́nà fa aṣọ ìjà Samsudeen ya lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọlọ́kadà sì fọn fèrè lé e títí tó fi kúrò nílùú. Ní Òkákà ni ọ̀rọ̀ wá bàjẹ́ pátápátá. Kàdírì fi ọ̀rọ̀ sí Abíọ́nà lẹ́nu, Samsudeen gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń dánra wò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Abíọ́nà gba máìkì, ó ní, "Samsu, padà sídìí agbada gàrí ìyá rẹ! Èéfín ló fi tọ́ ọ, òun ló jẹ́ kí egungun rẹ rọ̀ bí èyí!"

Wọ́n ká a sórí fóònù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé Ṣakí.

Onílé kan ní Ṣakí tí Abíọ́nà ti bá kan ìdajì òrùlé ránṣẹ́ sí i pé kó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn pàápàá, bí Ọ̀ṣúnkẹ́mi bá dé ìdí kànga, àwọn obìnrin á fa korobá wọn sẹ́yìn. Ó ti ibẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, ó sọ korobá kalẹ̀, ó ní:

"Iná tí ẹ̀yin méjèèjì dá yìí, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á?"

Abíọ́nà pe Samsudeen lórí fóònù. "Jẹ́ ká sọ fún Màmá, ó kéré tán."

"Iléyá mà ti dé tán," ni Samsudeen dáhùn. "Bí mo bá ti nà ọ́ tán, a ó dì mọ́ra lójú gbogbo wọn. Èmi fúnra mi ni yóò mú ọ lọ bá a. Ẹran Iléyá ló máa fi gbà ọ́."

Abíọ́nà gbà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Ọjọ́ kejì Iléyá, òjò rọ̀ ní òwúrọ̀, ó sì dá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, pápá Ṣakí ti kún débi pé àwọn kan gun igi mọ́ńgòrò. Bí Abíọ́nà ti yọ, orin tí wọ́n fi pàdé rẹ̀ kì í ṣe orin eré: "Ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ! Ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ!" Iwájú pátápátá ni Ìyá Samsu jókòó sí, pẹ̀lú ìborùn funfun lórí. Kò wá wo ìjà rí. Kò kọrin, kò pariwo, ó kàn ń wo Abíọ́nà. Abíọ́nà gbójú kúrò.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbé ara wọn ṣubú, wọ́n dìde, Akínyẹlé tó ń ṣe rẹfirí ń sáré yí wọn ká. Abíọ́nà dùbúlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣètò, Samsudeen sì gun orí òpó igun láti fò lé e lórí, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi òjò ṣì wà lórí òpó náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Orí ló fi balẹ̀. Ìró tí pátákó mú jáde ò jọ èyí tí wọ́n kọ́ wọn.

Abíọ́nà rá kòrò lọ bá a, ó mú ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àmì kan láàárín ara wọn: bí nǹkan kan ò bá ṣe ẹni tó wà nílẹ̀, yóò fún ọwọ́ ẹnì kejì pọ̀. Ó dúró. Ọwọ́ náà rọ̀ jọwọlọ nínú tirẹ̀.

"Samsu."

"Mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà." Ojú Samsudeen là kedere. "Abíọ́nà, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà."

Nísàlẹ̀, Kàdírì ń ju ọwọ́ pé kí wọ́n máa bá a lọ. Ó rò pé ṣe ni wọ́n fi adùn kún un. Èrò ń ké, "Samsu, dìde! Dìde!" Abíọ́nà mi orí sí Kàdírì, ó tún mi í. Nígbà tí ojú Kàdírì fi yí padà, ó ti pẹ́. Ràmọ́nì, àbúrò Samsudeen, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gba abẹ́ okùn wọlé.

"Ẹ gbé e! Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi kúrò níwájú apànìyàn yìí!"

Ẹnì kan ti di ẹsẹ̀ Samsudeen mú, òmíràn ti ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀. Ohun tí Kàdírì sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá ló sọ sí Abíọ́nà lọ́kàn: bí ọrùn bá ṣẹ́, ẹni tó bá gbé e dìde ló pa á. Ó ti ẹni àkọ́kọ́ ṣubú. Ó lu èkejì, lílù tó ń dunni. Ó kúnlẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì há orí Samsudeen láti mú un dúró gbọn-in. Igò kan bà á lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú ọ̀tún. Ó já máìkì gbà lọ́wọ́ Akínyẹlé.

"Eré ni! Eré ni gbogbo rẹ̀! Ọ̀rẹ́ ni wá! Ọrùn rẹ̀ ló ṣẹ́, ẹ má gbé e!"

Pápá hó gèè. "Òpùrọ́! Ọ̀dàlẹ̀!"

"Òótọ́ ló ń sọ!" ni Akínyẹlé kígbe.

"Wọ́n ti rà á! Wọ́n ti ra rẹfirí!"

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ràmọ́nì bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó fi nà án ní ẹ̀yìn, ó tún nà án. Abíọ́nà ti ju máìkì sílẹ̀, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, kò lè gbé wọn láti dènà. Ó wo iwájú, ó wá ìborùn funfun.

"Màmá! Ẹ gbà mí! Bí wọ́n bá gbé e, ó kú! Màmá, ẹ jọ̀ọ́!"

Ìyá Samsu dìde. Àwọn ènìyàn là fún un. Wọ́n ràn án lọ́wọ́ gun pèpéle, wọ́n rò pé ó fẹ́ wá gbá ọ̀dàlẹ̀ náà létí ni, òun náà sì rò bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra. Ó wá rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Màmá, òótọ́ ni," ni Samsudeen wí. "Ẹ má jẹ́ kí ó fi orí mi sílẹ̀."

Obìnrin náà nàró, ó yí ojú sí Ràmọ́nì. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.

"Ju bẹ́líìtì yẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan án, orí mi ni kó kọ́kọ́ gbà kọjá."

"Màmá, ẹni tó bú yín ní Òkákà—"

"Mo ní jù ú sílẹ̀."

Abíọ́nà ní kí wọ́n tú pátákó kan lára pèpéle. Òun ló ń sọ ibi tí wọn yóò gbà tú u, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lórí Samsudeen. Wọ́n rọra ti pátákó náà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìborùn àwọn obìnrin so ó mọ́ ọn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, Abíọ́nà kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó di orí Samsudeen mú, Ìyá Samsu sì jókòó níwájú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn dókítà gbé Samsudeen wọlé, àwọn méjèèjì nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì.

"Ó ti tó ọdún kan," ni Ìyá Samsu wí, "tí n kì í kírun àárọ̀ tán kí n má dárúkọ rẹ. Mo ní kí Ọlọ́run fi ohun tó o fẹ́ ṣe fún ọmọ mi ṣe ọ́. Ta ni mo máa lọ bá báyìí pé kó bá mi dá a padà?"

Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó ń sunkún.

"Dìde," ó ní. "Nu ojú rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ilẹ̀ wọn."

Wọ́n gbé Samsudeen lọ sí Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ti òsì ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Ní Ṣakí, àwọn kan gbà pé eré ni ìjà náà. Àwọn mìíràn ní rárá, ìjẹ́wọ́ yẹn gan-an ni eré. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Kàdírì wá sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Samsu, níbi tí Abíọ́nà ti wá kí Samsudeen. Ó tọrọ àforíjì, wọ́n gbà. Ó wá ní, bí Samsudeen bá lè fi ọ̀pá gun pèpéle lẹ́ẹ̀kan péré, kí Abíọ́nà sì gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo Òkè-Ògùn ni yóò wá.

Abíọ́nà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú Samsudeen ti mọ́lẹ̀, bí kò ṣe mọ́lẹ̀ rí láti Iléyá.

"Mi ò ṣe," ni Abíọ́nà wí.

"Ìwọ ní òrùlé tí wàá máa kàn," ni Samsudeen fèsì. "Kí ni èmi ní?"

"Mi ò ṣe, Samsu. Bínú sí mi."

Samsudeen sì bínú. Ó kọ ẹ̀yìn sí i ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Nígbà tí Abíọ́nà dìde láti máa lọ, Ìyá Samsu gbọn gàrí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì sìn ín dé gáréèjì. Awakọ̀ tó kàn láti lọ sí Ìsẹ́yìn wo Abíọ́nà, ó mọ̀ ọ́n.

"Mi ò gbé ọ̀dàlẹ̀."

"Ọmọ mi ni," ni Ìyá Samsu wí.

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti wà nínú eré náà ni?"

Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì dúró tì í títí Abíọ́nà fi wọlé, tó jókòó.