Ọ̀nà Funfun Létí Kíjìpá

Ẹsẹ̀ ìyá mi ló kọ́kọ́ yọ jáde nínú kíjìpá tí mò ń hun. Kíá ni mo dá a mọ̀, nítorí àpá iná tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti kú. Inú mi dùn débi pé n kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Àwọn àlejò tó wá wòran pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣe bí ọgbọ́n iṣẹ́ mi ni.

Gbọ̀ngàn tí a ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ kún fọ́fọ́. Orí àgùntàn làwọn àlejò jókòó sí, bí òwú bá sì ti ń tán lọ́wọ́ mi làwọn àgùntàn náà ń na irun wọn sí mi. Lápá òsì mi, Màmá Nanibá, ahunṣọ kan láti ọ̀dọ̀ àwọn Nàfáhò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń hun tirẹ̀ lórí òfì ìnàró bíi tèmi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Họ́sìkì alágbẹ̀dẹ fàdákà, jókòó tì í, ó ń lu fàdákà.

"Lù mí dáadáa," ni fàdákà ń wí. "Ṣé o ò rí i pé àlejò ń wò wá ni?"

Mò ń hun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Orúnkún yọ, ìbàdí yọ, àyà yọ. Òrùlé gbọ̀ngàn ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó lọ dúró sí kọ̀rọ̀ kan, òkè pupa sì yí wa ká. Ẹ wo ayọ̀! Díẹ̀ ló kù kí n rí ojú ìyá mi.

Ó ku orí nìkan, aṣọ parí. Mo ti pa etí rẹ̀ dé yípo, ó dì pinpin bí ìyá mi ṣe kọ́ mi gan-an. Irú etí aṣọ bẹ́ẹ̀ ló fi ń yangàn nígbà tó wà láyé. Ọrùn rẹ̀ há síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà ràpàràpà lófuurufú.

"Ta ló ní kó o tì í pa?" Màmá Nanibá bi mí.

"Ìyá mi ni, mà."

"Ẹ̀mí ahunṣọ máa ń wọnú iṣẹ́ rẹ̀. Àwa máa ń fi fọ́nrán kan la etí aṣọ, kó lè rí ibi gbà jáde."

Ojú tì mí. Kí n fọwọ́ ara mi ba etí aṣọ jẹ́ níṣojú gbogbo èrò yìí! Ṣùgbọ́n ìyá mi tún ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ro ti èrò mọ́. Họ́sìkì ti lu fàdákà di abẹ́rẹ́, ó jù ú sí mi. Mo ki irun àgùntàn funfun bọ ojú abẹ́rẹ́ náà, mo gún etí kíjìpá, mo sì fa irun náà jáde sí gbangba.

"Ó ti là o!" ni abẹ́rẹ́ kígbe.

Ìyá mi bọ́ síta. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó kí àwọn àlejò pé wọ́n kú ìjókòó. Mo fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò gbéra. Ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé.

"Àrìnpé, kí lo tún ń dúró ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òwú ló wà níwájú mi láti òkè délẹ̀, inú kíjìpá náà lèmi fúnra mi há sí. Ìyá mi ki ọwọ́ bọ ọ̀nà funfun náà, ó di ìka mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.