Ojú Ewé Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀

…bí àwọn ọmọ bá tún bú sẹ́rìn-ín ńkọ́? Bí ẹnì kan bá já ẹnì kejì ní èékánná — lónìí, lójú ọ̀gá — áà, ó parí fún mi nìyẹn. Kí n má tíì lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ti jókòó sórí ẹní. Ìwé àwòrán ti wà lórí itan mi. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, kò sì gbà láti jókòó.

“Àǹtí, èémí lẹ̀ ń kọ́ wọn? Ta ni wọ́n ń kọ́ ní èémí?” Ohun tó wí lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, gbogbo ọ́fíìsì sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín? “Màá wá wò ó fúnra mi. Bí mi ò bá rí nǹkan kan dì mú, inú kọ́bọ́ọ̀dù nìwé yẹn ń lọ. Kí wọ́n máa kọ oǹkà.”

Dì mú, kẹ̀? Ìfọkànbalẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin — ibo lèèyàn ti ń dì í mú?

Ó ti tó, jẹ́ kí n kàwé. Ológbò rèé, ààrá ń sán, ó ń sá kiri inú ilé. Mo ń sáré kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Ìwé wí pé: ẹ fọwọ́ lé ikùn. Ẹ fa èémí sínú… ẹ tú u jáde, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Mo tún ti ń sáré. Ṣé ọ̀gá gbọ́ ọ?

Ọmọ Abẹ́-Tábìlì wà níwájú mi gan-an. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nínú ọkàn mi, torí bí ilẹ̀kùn bá ti dún gbàmù báyìí, abẹ́ tábìlì ló ń sá lọ, á máa bu ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ síbẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ dì mí lápá mú lẹ́nu géètì lánàá: “Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ìwé yẹn o! Ọmọ yìí ló ní kí n fọwọ́ lé ikùn. Èmi, ìyá rẹ̀!” Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí ìwé yìí bá wá lọ… abẹ́ tábìlì náà ni. Torí pé èmi ò mọ̀ ọ́n kà lójú ọ̀gá.

A ti dé ibẹ̀. Ojú ewé tí kò ní ọ̀rọ̀. Ológbò jókòó lójú fèrèsé, òjò ti dá, ó tán. Mi ò fẹ́ràn ibí yìí. Mo máa ń ṣí i kọjá wéré ni, torí ta ló ń rí ọmọdé tó ń dákẹ́? Lónìí gan-an, ọ̀gá á rò pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ni. Ọwọ́ mi ti wà létí ìwé, mo fẹ́ ṣí i —

Àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan bà lé e. Ọmọ Abẹ́-Tábìlì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò wojú mi, ológbò ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí ikùn.

Mo gbójú sókè. Gbogbo wọn… gbogbo wọn ló fọwọ́ lé ikùn. Ọmọ tí mo ń pè ní Aláriwo pàápàá, tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Wọ́n ń mí. Wọ́n ń dúró dè mí. Ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fẹ́ jókòó síbí, tí mo ń já ojú ewé yìí gbà mọ́ wọn lọ́wọ́?

Àwọn lè dákẹ́. Èmi ni mi ò lè dákẹ́.

Ọ̀gá wú ikọ́. Ó ṣì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mi ò sì mọ ohun tó máa wí. Mo gbé ọwọ́ kúrò létí ìwé, mo fi lé ikùn ara mi. Ó le bíi pákó. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, látàárọ̀, mi ò sì tíì tú èémí jáde.

Mo tú u jáde. Pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí ìwé, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e.