Aṣọ Tí Ó Sùn Mọ́jú

Kò sí ẹni tí ó mọ ìkòkò bàbà lò bí Ìyá Oníkòkò. Bí ó bá kó ewé tíì sínú rẹ̀, tí ó dáná sí i, ooru omi a gba inú páìpù, a tutù, òróró olóòórùn dídùn a sì léfòó sójú omi bí ọba lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní òdòdó funfun kò fẹ́ iná rárá. Orí dígí tí ó fi ọ̀rá ẹran tútù pa ni ó ń tẹ́ ẹ sí. Ọ̀rá a fa òórùn mu díẹ̀díẹ̀, ọmọ yóò sì wá fi ọtí líle fọ òórùn náà jáde.

Ìyá a máa bi í léèrè bóyá òdòdó ni ó ń tẹ́ ibùsùn fún.

Yàrá kan ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni dígí ọmọ wà. Ibẹ̀ náà ni ìyá fẹ́ gbé ìkòkò kejì sí. Wọ́n fẹnu kò pé kí oníṣòwò lọ́fínńdà, oníbàárà wọn àtijọ́, fi imú dá ẹjọ́ náà.

Ó dé lọ́sàn-án. Wọ́n kán òróró òdòdó funfun sórí aṣọ méjì, ti ìkòkò lọ́tọ̀, ti ọ̀rá lọ́tọ̀. Ti ìkòkò pariwo wọ imú rẹ̀. Ti ọ̀rá kàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbé ti ìkòkò sókè. Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó dígí rẹ̀ kúrò nínú yàrá.

"Fi dígí yẹn sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó kọjú sí oníṣòwò. "Oníbàárà mi, nílé yìí, a kì í dá òórùn lẹ́jọ́ lọ́jọ́ tí a bí i. Aṣọ gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú."

Ọkùnrin náà rán an létí pé ìkòkò tirẹ̀ gan-an ni ó ń borí. Ìyá ní òun mọ̀. Òfin tí òun fi tọ́ ọmọ kò ní yẹ̀ nítorí pé òun ń jàre.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí oníṣòwò padà dé, aṣọ ti ìkòkò ń run bí ẹ̀fọ́ bíbọ̀. Èkejì dà bí òdòdó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Oníṣòwò gbé aṣọ ti ọ̀rá sókè. Ìyá gba aṣọ ọmọ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó sì so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀gbà.

"Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," ó wí. "Èmi kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti tọ́ ọmú náà wò. Oníbàárà mi, ẹni tí ó bá bi yín, ẹ ní ọmọ tí mo bí ni ó ṣe é. Àmọ́ ewé tíì, tèmi ni o."

Ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá yàrá náà fún ọmọ rẹ̀.