Mọ́ínmọ́ín fún Ọ̀gá Latifah

Bí èèyàn bá fẹ́ kí inú Alhaja Falilat dùn títí dé eyín ẹ̀yìn, kó sáà béèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Kò ní fi ìkánjú dá onítọ̀hún lóhùn. Yóò kọ́kọ́ gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ àárín ọjà Woolwich ní London, yóò tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, yóò wá ní, "Latifah mi? Ọlọ́pàá ni. Kì í ṣe ti ojú títì o. Ọlọ́pàá àwọn ológun òfuurufú. Tí soja fúnra ẹ̀ bá ṣẹ̀, òun ló máa arrest ẹ̀."

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn. Láti Monday dé Friday, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Latifah ti ń ṣiṣẹ́, tó ń wẹ àwọn ìyá àgbà, tó sì ń bá wọn wá eyín tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó di òpin ọ̀sẹ̀ kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ọmọ ogun àfikún ni, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè wá kún àwọn ológun gidi nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n á ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á yẹ ẹrù àti ara àlejò wò, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó bá rú òfin. Fìlà olórí funfun tí àwọn yòókù ń dé náà ni wọ́n ń dé. Síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe é lójoojúmọ́ kò yé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́pàá òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe.

Yẹ̀yẹ́ yìí dun Latifah ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún 2016 tí mò ń sọ yìí, Sájẹ́ńtì Pritchard, ọ̀gá wọn, fẹ́ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ ogun àfikún, kó bá àwọn ológun gidi lọ sí Cyprus fún oṣù mẹ́fà, kó sì so ìlà kọ́púrà, àmì ìgbéga, mọ́ ọn lápá. Latifah fẹ́ ìlà yẹn bí aláàwẹ̀ ṣe ń fẹ́ omi. Ó fẹ́ kí wọ́n yé rẹ́rìn-ín.

Ní ti ìyá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun ń fẹ́: kó lọ kí ọ̀gá ọmọ rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti tọ́ Alhaja Falilat dàgbà, ohun tí wọ́n sì fi tọ́ ọ ni pé ẹni tó bá gba ọmọ rẹ sẹ́nu iṣẹ́, wàá gbé nǹkan dání lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kí tíṣà Latifah. Ó ti gbé adìyẹ díndín lọ fún máníjà ilé ìtọ́jú arúgbó, obìnrin náà kò sì jẹun ọ̀sán mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Sájẹ́ńtì yìí nìkan ló kù.

"Mummy, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀," ni Latifah máa ń sọ.

"Ṣé wọn kì í jẹun níbẹ̀ ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí àwọn ológun òfuurufú fẹ́ ṣe ìpàtẹ ní pápá kan ní Woolwich, tí wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà wá wo ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú, kí àwọn ọ̀dọ́ sì wá gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun. Àwọn ọlọ́pàá Sájẹ́ńtì Pritchard ni yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Latifah kò sọ fún ìyá rẹ̀. Àmọ́ wọ́n lẹ ìwé ìpàtẹ náà mọ́ ibùdókọ̀ ní Thamesmead níbi tí wọ́n ń gbé, ojú Alhaja kò sì fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, sájẹ́ńtì kó wọn jọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa soja kan ní Woolwich ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ara wọn kì í balẹ̀ ní àdúgbò yẹn. Ó ní kí wọ́n yẹ gbogbo èèyàn wò, kò sí àyàfi. Ó wá rántí Japheth, ọmọ ogun àfikún kan tó jẹ́ kí ìbátan rẹ̀ kọjá ní ìpàtẹ tó ṣáájú láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì torí ẹ̀ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ẹbí ẹnikẹ́ni bá wá," ni ó wí, "kó sọ, ẹlòmíràn á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé èèyàn ní ẹbí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí Latifah gbọ́ ọ ketekete.

Oòrùn ti mú nígbà tó gbọ́ ohùn náà. "Àbẹ̀ní! Àbẹ̀ní mi!" Kò sí ẹlòmíràn lágbàáyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlà, ó gbé kúlà ńlá kan dání, èyí tí ìdérí rẹ̀ ti sán tí wọ́n fi gèlè àtijọ́ dì yíká. Ó ń ju ọwọ́ kan sókè. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò ó, òun náà sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kọ́púrà tó dúró ti Latifah, ọ̀kan nínú àwọn ológun gidi, fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni ìyẹn ń pè? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Latifah wo kúlà. Ó wo sálúbàtà ìyá rẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀ pàpàpà. Ó rí i bí kọ́púrà ṣe ń rí i, ojú sì tì í. Kì í ṣe òfin ló bà á lẹ́rù, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ ló tì í lójú.

"Rárá," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Alhaja dé iwájú, ojú rẹ̀ ń dán, ó ti la ẹnu láti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun rèé. Latifah ní, "Madam, ẹ dúró síbí." Èdè òyìnbó ló fi sọ ọ́, ohùn náà sì gbẹ. Ìyá wo ọmọ. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Obìnrin tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà Woolwich láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kì í ṣe òpè. Ó mọ ohun tí ojú ń sọ.

"Ta lẹ ń pè lẹ́ẹ̀kan?" ni kọ́púrà bi í.

"Mo rò pé mo rí ẹnì kan tí mo mọ̀ ni, sà," ni Alhaja Falilat dáhùn. "Kì í ṣe òun."

Ó ṣeé ṣe kí ó parí síbẹ̀, àmọ́ irọ́ kì í dá rìn. Obìnrin oníbòrí kan tó ń pariwo pe ẹni tí kò sí, tó sì gbé kúlà tí wọ́n dì pinpin dání, ara kọ́púrà kò gbà á. Ó tú gèlè náà. Ó gbé mọ́ínmọ́ín jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi igi kékeré gún ewé wọn wò títí ó fi kan ẹyin. Ó béèrè ẹni tó fẹ́ jẹ gbogbo ìyẹn, Alhaja sì ní òun fúnra òun ni. Lẹ́yìn náà kọ́púrà yíjú sí Latifah. Òun nìkan ni obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà, obìnrin ló sì gbọ́dọ̀ yẹ ara obìnrin wò.

Bí Latifah bá sọ ọ́ nígbà yẹn pàápàá, wọn ì bá pe obìnrin mìíràn láti ẹnu ọ̀nà kejì. Ó wọ ìbọ̀wọ́. "Madam, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè."

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Latifah fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀, ó tẹ apá, ó tẹ ìhà. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan ohun líle lábẹ́ bùbá, ó sì dúró. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn ni. Gbígbé arúgbó sókè gbé sílẹ̀ ló ba ẹ̀yìn Alhaja jẹ́, nítorí iṣẹ́ kan náà ni tìyá tọmọ ń ṣe, Latifah ló sì máa ń bá a de bẹ́líìtì náà láràárọ̀. Ní àárọ̀ yẹn, ó ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ti dá a dè, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí nìyẹn?" ni kọ́púrà béèrè.

Latifah mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní, "Kí lèyí, madam?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, ma," ni ìyá rẹ̀ wí.

Wọ́n ní kó máa wọlé. Kò wọlé. Ó kó mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti gún padà sínú kúlà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ́púrà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Latifah, ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.

Nígbà tí Latifah délé ní Thamesmead nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Mummy, ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe?" Ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́, kò yíjú. "Iṣẹ́ ẹ lo ṣe. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Ká ní ó gbá a létí ni, ara ì bá tu Latifah. Kò gbá a, kò ṣépè, kò sunkún. Nígbà tí Auntie Oyèbọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì, béèrè bí ìkíni náà ṣe lọ, Alhaja ní òun ò rí ibẹ̀, bọ́ọ̀sì gbé òun kọjá. Latifah jókòó níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń purọ́ nítorí òun, ìtìjú sì bò ó débi pé kò lè gbé ojú sókè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sájẹ́ńtì Pritchard pè é. Òun ni wọ́n mú. Cyprus, ìlà kọ́púrà, gbogbo rẹ̀. Sájẹ́ńtì sì sọ ìdí rẹ̀. Kọ́púrà ti ròyìn obìnrin oníkúlà yẹn fún un, pé ara gbogbo èèyàn ò balẹ̀, àmọ́ Latifah yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù, láìfi í wọ́lẹ̀, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní kò tún sí ẹni tó lè pe irú èyí ní ọlọ́pàá òpin ọ̀sẹ̀. Latifah ní ó ṣeun, sà. Ẹnu rẹ̀ korò bí ẹni tó jẹ ewúro.

Gbọ̀ngàn kan ní Woolwich ni wọ́n ti fẹ́ fún un ní ìlà náà, wọ́n sì ní kí ẹbí wá.

"Mi ò lè lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ti mọ ojú mi. Tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á mọ̀ pé o lie fún wọn, wọ́n á gba nǹkan ẹ padà."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, a máa wá nǹkan sọ."

"Mo ti wá a. Oyèbọ́lá máa bá ẹ lọ. Mo ti sọ fún un pé kó ní òun ni mummy ẹ. Wọn ò mọ òun."

Ó yẹ kí Latifah kọ̀. Kò kọ̀. Ó kàn wolẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Auntie Oyèbọ́lá wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín dání, tuntun, èyí tí Alhaja jí sè. Alhaja ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó máa sọ. Wọ́n so ìlà náà mọ́ apá Latifah, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Auntie Oyèbọ́lá sì tẹ̀ lórúnkún níwájú Sájẹ́ńtì Pritchard, ó gbé abọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá mi tọ́jú ọmọ mi. Òun nìkan ni mo bí. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín."

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gan-an ni. Latifah ti gbọ́ ọ nígbà tí Alhaja ń fi í dánra wò ní kíṣìnnì, ó pẹ́ kí ìpàtẹ tó dé.

Ojú sájẹ́ńtì rọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà. "Ẹ tọ́ ọmọ yín dáadáa, ìyá," ni ó wí fún Oyèbọ́lá.

"Òun kọ́ ni ìyá mi," ni Latifah sọ.

Auntie Oyèbọ́lá já a léèékánná lápá. Latifah kò dúró. "Obìnrin tí mo yẹ̀ wò ní ẹnu ọ̀nà, tó gbé kúlà, òun ni ìyá mi. Ẹ̀yin ló wá kí. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

Sájẹ́ńtì Pritchard kò pariwo. Ó gbé abọ́ sórí tábìlì. Ó tú ìlà náà kúrò lápá rẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, níṣojú gbogbo wọn, ó fi í sí àpò. Ó ní kó wá rí òun ní ọ́fíìsì.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Thamesmead, Auntie Oyèbọ́lá lọ jókòó síwájú, ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Alhaja Falilat ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó dé.

"Ṣé ọ̀gá ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo ti sọ fún un, Mummy. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin ni."

Ìyá rẹ̀ wo apá rẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan. Latifah ti ń retí pé bóyá ó máa gbá òun mọ́ra.

"Kí wá ni mo gbé ọwọ́ mi sókè fún lọ́jọ́ yẹn?" ni ó béèrè.

Alhaja wọlé, ó jókòó sí etí àga, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. "Wá bá mi tú bẹ́líìtì yìí," ni ó wí. "Ó ti há mọ́ mi lára láti àárọ̀." Latifah kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá, ó sì ń fi ìka wá ìdè náà kiri.