Ẹnu Àpótí, Ẹnu Ẹ̀rọ

...10.70. Ó tún ní 10.70. Àpótí iná tí mo fi dípò bátìrì ní 11.00, mítà tí mo fi ń wọn iná ní 10.70, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Mo fi aṣọ nu ẹnu mítà, mo tún fi kàn án. Nǹkan kan náà. Àná ni mítà yìí dé láti ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé ẹ̀rí ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn. Ta ló wá ń purọ́ fún mi nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Nọ́ọ̀sì tó gbé ẹ̀rọ náà wá láàárọ̀ ò tiẹ̀ jókòó. Ẹ̀rọ tó ń fa oògùn sínú iṣan aláìsàn ni. Tí iná bá lọ, bátìrì ni yóò gbé e. Tí agbára bátìrì bá sì rẹlẹ̀ dé fóltì mọ́kànlá, ìyẹn 11.00, ó yẹ kó ké. "Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ń kọjá lọ."

Tí kò bá kọjá ńkọ́? Irú rẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo tún ṣe. Mẹ́jọ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ ọlọ́mọ...

Rárá. Fara balẹ̀. Ìwé àpótí dà? Èmi ni mo ní kí wọ́n rà á, tuntun ni. Òun nìyí: àṣìṣe rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹ ò rí i? Kò purọ́. Àmọ́ — kí lèyí nísàlẹ̀, tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà? Pé ẹnu àpótí ni nọ́ńbà náà ti jẹ́ òótọ́. Ẹnu àpótí. Kì í ṣe òpin wáyà. Wáyà tèmi gùn, ó sì tín-ín-rín. Iná tó jáde ní mọ́kànlá ti ṣòfò díẹ̀ lọ́nà kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ihò méjì wà lẹ́yìn àpótí fún wáyà kékeré tí yóò máa sọ fún un ohun tó dé ọ̀hún gan-an. Mi ò ṣí wọn rí.

Nítorí náà, bàbá ló tọ̀nà...

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè wọ́n, nítorí mítà àtijọ́ wọn, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n kó tó dúró. Àwọn ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Àwọn ló ti ṣètò igbe àwọn ẹ̀rọ mẹ́sàn-án náà. Èmi wá fi àpótí mi yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé ní 11.30 ni gbogbo wọn ń ké, mo kọ̀wé sí ọ̀gá pátápátá pé ojú bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Ọ̀gá gbé wọn lọ sídìí kọ́ńtà, kí wọ́n máa ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Mo gba tábìlì wọn. Mo sì yí igbe gbogbo ẹ̀rọ náà wálẹ̀, kí wọ́n má ké àfi tí àpótí bá wí 11.00.

Ìyá mi ò bá mi jà. "O káre," ni wọ́n kàn wí. "O káre, ọmọ mi."

Mi ò mọ̀ ni. Ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó ń tàn yòò, ta ni kò ní gbà á gbọ́? Àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tí kì í...

Àṣìṣe kẹ̀?

"Ọmọ àbúrò mi, wá wò ó." Ohùn bàbá nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo yẹ àwọn ẹ̀rọ náà wò. Wọ́n gbé mítà wọn kan ẹnu ẹ̀rọ. Àpótí ń wí 11.30. Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dúró gbọin lórí mọ́kànlá. Mo ní, "Ẹ̀yin àti mítà yín, ẹ ti gbó." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ń ká wáyà wọn.

Àmọ́ mo fura. Kí abẹ́rẹ́ tó dúró ni mo ti fura. Mítà tèmi wà lọ́wọ́ mi. Kí n kàn fi kàn án, kò ju ká ṣẹ́jú lọ. Ó wà lọ́wọ́ mi! Mi ò fi kàn án, torí pé... torí pé tí mo bá fi kàn án, màá mọ̀ dájú. Àga wọn ni mo sì ń wò.

Mo ti pe wọ́ọ̀dù, fóònù ti ń dún lọ́hùn-ún. Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ mẹ́jọ. Wọ́n máa bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹnu mi sì ti ń to "mi ò mọ̀" kalẹ̀...

Mo mọ̀.